Ẹ Má Fi Òfin Mẹ́ta Pín Ogún Kan

Bí a bá ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán ní Òkè-Agbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn ààfáà ti gba sàráà wọn, tí wọ́n ti ká ẹní, tí àwọn obìnrin ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á wọ yàrá olóògbé, á gbé agolo bísíkíìtì tí bàbá ń kó ìwé sí jáde. Rìsíìtì ilẹ̀ tí òjò ti rẹ wà níbẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tó ti ya lójú ìṣẹ́po, ìwé báńkì, àti bébà kékeré kan tí bàbá kọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó obì sí. Gbogbo ojú á wà lára agolo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ti ń bá ara wọn sunkún láti ọjọ́ mẹ́jọ á ti jókòó sí ìhà mẹ́ta nínú pálọ̀ kan náà.

Mo ti wà níbi irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kìlọ̀ fún ẹ̀yin Mùsùlùmí ìlú wa, láti Òkè-Agbò dé Òkè-Ṣópẹ́n, Òjòwò, Àtíkòrí àti Jàpárà, láti Àgọ́-Ìwòyè dé àwọn ìlú etí omi lọ́hùn-ún ní Abigi àti Ibiade. Iná wà nínú agolo yẹn. Kì í ṣe òkú ló máa pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń mí ni.

Òfin ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Èkíní ni ìdí igi tí àwọn bàbá ńlá wa fi lélẹ̀: iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé ni a ó pín ogún sí, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó wá pín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ojorí: a ó ka orí àwọn ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, a ó sì pín in fún wọn lọ́gbọọgba. Ẹ̀kẹta ni ti Kùránì, tó wà nínú Súrà kẹrin, ẹsẹ 11, 12 àti 176, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ ẹni tó ń jogún, tó sì fi ìdá sí ìpín oníkálukú. Ìyàwó kò ní nǹkan kan nínú méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, ó ní.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jóni. Ó kú, òbí rẹ̀ méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀. Ìyálé bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Lẹ́yìn tí a sin ín, tí a san gbèsè rẹ̀, oko kòkó, oko obì àti ilé tó kù jẹ́ mílíọ̀nù 24 náírà. Bí a bá fi ìdí igi pín in, mílíọ̀nù 12 ni ọmọ ìyálé máa kó nìkan, àwọn mẹ́ta tó kù á pín mílíọ̀nù 12 ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bó bá jẹ́ orí-ojorí, mílíọ̀nù 6 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbà. Bó bá jẹ́ Kùránì, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn opó, ìyẹn mílíọ̀nù 3, kí wọ́n pín in sí méjì. Mílíọ̀nù 21 á kù, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba 6, obìnrin á gba 3.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. Ọmọ ìyálé á dìde, á ní àṣà ìran wa ni ká tẹ̀lé, ibi tí bàbá àwọn bàbá wa bá a dé náà nìyẹn. Ọmọbìnrin á ní ayé ti là, orí kan kò ju orí kan lọ. Àwọn opó á rọra sọ láti abẹ́ ìbòrí wọn pé Mùsùlùmí ni ọkọ àwọn, lémọ́mù ló kírun sí i lára, ẹ tẹ̀lé Kùránì. Àwọn ọmọkùnrin méjì ti ìyàwó kejì ò ní kọ́kọ́ fọhùn, nítorí mílíọ̀nù 6 ni tiwọn bó ṣe orí-ojorí, bó ṣe Kùránì. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣírò rẹ̀ pé ìyá wọn á rí mílíọ̀nù kan àbọ̀ gbà nínú ti Kùránì, àwọn náà á di ẹlẹ́sìn.

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Òfin tí oníkálukú dárúkọ wà lóòótọ́. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè bóyá òfin yẹn kan náà ni wọ́n pè nígbà tí ogún ẹ̀gbọ́n wọn délẹ̀ lọ́dún kẹta. Ẹni tó ń fi Kùránì gba ogún bàbá rẹ̀ lónìí, tó tún ń fi ìdí igi gba ogún àbúrò rẹ̀ lọ́la, kò tẹ̀lé Kùránì, kò sì tẹ̀lé àṣà. Ikùn rẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Àrùn tó ń jẹ ilé wa run nìyẹn, òun ni mo sì ń pariwo lé lórí.

Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá dákẹ́, ìjọba á bá yín yan èyí tó wù yín. Ní 1940, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní Èkó. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, ọmọ mẹ́sàn-án. Kò fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Àwọn ọmọ ò fẹnu kò bóyá ìdí igi ni tàbí orí-ojorí. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ìdí igi ò bá ayé mu mọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ (Federal Supreme Court) yí ìdájọ́ yẹn padà ní 1958. Ẹjọ́ náà wá sọdá òkun lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ wa ṣì ń parí sí nígbà náà, kò sì rí ìdájọ́ ìkẹyìn àfi ní 1962. Wọ́n ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Orí-ojorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè bá yọ bí ó bá rí i pé ìjà fẹ́ bẹ́. Láti ọjọ́ ikú bàbá dé ọjọ́ ìdájọ́, ọdún 22 ni. Ẹ fi 22 kún ọjọ́ orí àkọ́bí yín, kí ẹ wo iye tí yóò jẹ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ yẹn, kò sí ẹyọ kan fún àwọn ìyàwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí ìdí igi kò mọ opó, orí-ojorí kò mọ̀ ọ́n.

Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ yẹn kan náà sọ ọ́ gbangba pé ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ méjèèjì, orúkọ tí a fi ń sọ ọmọ ní mọ́ṣáláṣí ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1944, nínú ẹjọ́ Apatira àti Akanke, Mùsùlùmí kan ti sọ bí wọ́n ṣe máa pín ogún òun ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ da ìwé náà nù nítorí kò bá òfin ìhágún Gẹ̀ẹ́sì mu. Èrò ọkùnrin yẹn dára. Ìwé rẹ̀ ni kò dúró.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi àyè sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láti ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ṣàríà. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò ní. Nígbà tí ariwo sọ ní oṣù kìn-ín-ní 2025 pé àwọn kan fẹ́ ṣí ilé ẹjọ́ Ṣàríà, Gómìnà Dapo Abiodun kéde pé kò sí òfin tó gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Inú bí àwọn kan, inú àwọn kan dùn. Èmi ò bá ti ìyẹn wá. Ohun tó kan opó Òkè-Agbò ni pé bí ọkọ rẹ̀ bá kú láìkọ nǹkan kan, tí àwọn ọmọ kò sì gbà láti tẹ̀lé Kùránì, kò sí kóòtù kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ìdá kan nínú mẹ́jọ fún un. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wà fún un. Ẹni tó máa mú un ṣẹ ni kò sí, àfi bí ọkọ rẹ̀ bá ti ṣètò rẹ̀ kó tó lọ.

Mo ń gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin àti ogún yìí, ọ̀làjú ló gbé e dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogun Úhúdù, opó Saad ọmọ Rabíì mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá síwájú Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ogun ti pa bàbá wọn. Arákùnrin bàbá ti kó gbogbo dúkìá lọ, kò ku ohun tí wọ́n máa fi sin àwọn ọmọ náà fún ọkọ. Nígbà tí ẹsẹ ogún sọ̀ kalẹ̀, Ànábì ránṣẹ́ pe arákùnrin náà, ó ní kó fún àwọn ọmọbìnrin ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, kó fún ìyá wọn ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, kó sì mú èyí tó bá ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 24 wa yẹn ni, 16 ni ti àwọn ọmọ, 3 ni ti ìyá, 5 ló kù fún ẹni tó ti kó gbogbo rẹ̀ sápò tẹ́lẹ̀.

Arákùnrin bàbá yẹn kò tíì kú ní Òkè-Agbò. Ó wà ní ojúlé púpọ̀. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tiẹ̀ lè ti lọ sí Mẹ́kà. Òun ló ń gba owó háyà ṣọ́ọ̀bù tí olóògbé kọ́ sí ojú títì, òun ló ń kó obì ta lásìkò obì, bí opó bá sì wá tọrọ owó ilé ìwé àwọn ọmọ, á ní kó padà wá lọ́jọ́ ọjà. Mo fẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ ka ẹsẹ kẹwàá nínú Súrà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì kà á ní èdè tó yé e. Iná ni Ọlọ́hun pe owó ọmọ òrukàn tó bá wọ inú ikùn ẹni tó jẹ ẹ́ ní ìjẹkújẹ. Ìrun márùn-ún kò pa iná yẹn. Háájì kò pa á.

Àfara sì ni ẹ̀ka kejì ewu yìí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ogójì ná." Ogójì á kọjá. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ọdún rẹ̀ ná." Ọdún á yípo. Láàárín ìgbà yẹn, dáwódù ti ń fi ilẹ̀ han àwọn èèyàn. Láti ìgbà tí yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún 1982, ilẹ̀ agbègbè yìí ti kúrò ní ilẹ̀ tí a fi ń gbin ẹ̀gẹ́ nìkan. Ibi tí bàbá ti ń ká obì, ẹlòmíràn fẹ́ kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ilẹ̀ tí owó wà nídìí rẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ tí ẹbí máa fẹnu kò. Ọmọ kan á ta ìdá kan fún ẹnì kan, àbúrò rẹ̀ á ta ìdá yẹn kan náà fún ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì á sì fún oníbàárà wọn ní rìsíìtì.

Òfin kò fara mọ́ ìyẹn. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò ta nǹkan kan, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí mọ̀ sí i, àwọn yòókù lè ní kí kóòtù fa títà náà ya. Àmọ́ kí kóòtù tó fà á ya, ilé ti dé òrùlé. Ẹni tó ra ilẹ̀ ti gbé tọ́ọ̀gì wá. Ní 2016, ìjọba Ògùn ṣe òfin tó le lórí àwọn ajagungbalẹ̀. Mo dúpẹ́ fún òfin náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ajagungbalẹ̀ jẹ́ ọmọ inú ilé. Ẹ wo ara ògiri bí ẹ bá ń rìn lọ: "Ilé yìí kì í ṣe títà," ọ̀dà pupa, lẹ́tà gàgàrà. Àjèjì kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹnì kan nínú ilé náà ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ààfáà wa kì í fẹ́ sọ lórí mínbárì, mo sì mọ̀ pé ó máa dun ẹlòmíràn. Kò sí ilé ńlá ní Ìjẹ̀bú tí kò ní ẹlẹ́sìn méjì nínú. Bàbá jẹ́ Alájì, ọmọ kan jẹ́ pásítọ̀. Ní òfin ogún Ìsìláàmù, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í jogún Mùsùlùmí. Ní àṣà Yorùbá, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Bí bàbá bá kú láìsọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ tó jẹ́ Mùsùlùmí wá ní kí pásítọ̀ má bọ́ sí i, kò sí ohun tó máa dá ìjà yẹn dúró títí dé ọ̀dọ̀ adájọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú bàbá àgbà: bí olóògbé bá ní ọmọkùnrin mìíràn láyé, ìpín ọmọ-ọmọ yẹn ti dí.

Ọlọ́hun kò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Òfin ẹ̀sìn gba Mùsùlùmí láyè láti fi èyí tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ogún rẹ̀ lọ ṣe wàsíyà fún ẹni tí kò sí lára àwọn tó ń jogún rẹ̀. Pásítọ̀ yẹn wà níbẹ̀. Ọmọ òrukàn yẹn wà níbẹ̀. Nínú mílíọ̀nù 24, mílíọ̀nù 8 ni bàbá lè fi ṣe ìyẹn láìrú òfin kankan. Ẹ̀yin bàbá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ kò tíì sọ ohunkóhun, kí lẹ ń dúró dè? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dáhùn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun bí wọ́n bá lé ọmọ yín jáde nílé tí ẹ kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fẹnu pín nǹkan, ẹ fetí sílẹ̀. Bàbá tó sọ fún ọmọ kan pé "ilé yìí ti di tìrẹ", tó sì ń gbé inú rẹ̀, tó ń gba owó háyà rẹ̀ títí tó fi kú, kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ní ìlànà Màlíkì tí àwọn ààfáà ilẹ̀ wa ń tẹ̀lé. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀bùn náà sọ́wọ́ nígbà tí bàbá wà láyé. Èyí tí a bá fúnni lórí àìsàn ikú kò yàtọ̀ sí wàsíyà, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn lọ, kò sì tọ́ sí ẹni tó ń jogún àfi bí àwọn yòókù bá gbà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ fún ọmọ tó fẹ́ràn jù, ní òru, láìsí ẹlẹ́rìí, ìjà ló fi jogún fún un.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ yan òfin kan nígbà tí ojú yín ṣì là, kí ẹ sì sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ, kì í ṣe fún dáwódù nìkan. Ẹni tó bá ní Kùránì ni òun fẹ́, kó lọ bá ààfáà tó mọ ìmọ̀ ogún dáadáa, kì í ṣe èyí tó kàn mọ wáàsí, kó sì mú ààfáà yẹn lọ bá lọ́yà, kí àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé kan tí ẹ̀sìn gbà, tí kóòtù náà gbà. Ìwé ìhágún gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kí oníǹkan fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí má sì jẹ́ ẹni tó máa jẹ nínú ogún náà tàbí ọkọ tàbí aya ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ẹ fi sí ọ̀dọ̀ àwọn próbéètì ní ilé ẹjọ́ gíga, nítorí ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá lọ́jọ́ ikú ló ni ín. Kí orúkọ gbogbo ọmọ wà nínú rẹ̀, títí kan èyí tí ẹ bí sí Ṣágámù tí ìyálé kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ẹjọ́ ogún ọdún lọ.

Bí ẹni yín bá sì ti lọ láìkọ nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ogójì bá ogún nílẹ̀ láìsí ìpàdé. Ẹ san gbèsè olóògbé kí ẹ tó fojú kan ìpín ara yín, nítorí gbèsè ló ṣáájú nínú òfin Ọlọ́hun àti ti ìjọba. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní próbéètì, kí owó báńkì lè jáde lọ́nà ẹ̀tọ́. Ẹ kọ àdéhùn ìpín sílẹ̀, kí gbogbo àgbà inú ẹbí fọwọ́ sí i, obìnrin àti ọkùnrin. Bí opó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kó kọ́kọ́ gbà á sọ́wọ́ ná, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn. Opó tí a fi ojú bá wí nínú pálọ̀ títí tó fi ní "ẹ máa mú un lọ" kò yọ̀ǹda nǹkan kan.

Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé; onílé ni kò ní í gbà fún un. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin Alájì, ẹ̀yin Alájà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù àti ilẹ̀ tiyín, mo fi Ọlọ́hun bẹ̀ yín: lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ, kí àwọn ìyá wọn wà níbẹ̀. Ẹ gbé agolo bísíkíìtì yẹn sílẹ̀ láàárín wọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín ṣí i.